Béèrè Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n: Ẹ́ńjìnì Kan, Ọ̀gá Mẹ́rin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo jókòó tì wọ́n láti àárọ̀, ìgbà tó yá ni mo wá rí i pé mẹ́rin nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ láìmọra wọn. Ọ̀kan wá láti Ajàṣẹ́-Ìpo, ọ̀kan láti Tánkẹ́ n'Ílọrin, ọ̀kan láti Táíwò n'Ílọrin náà, ọ̀kan láti Ọ̀fà. Ohun tí gbogbo wọn ń bi mí ni pé tó bá jẹ́ pé èèyàn púpọ̀ ló jọ ń ṣiṣẹ́ lójú kan, tí kálukú sì ní ọ̀gá tiẹ̀, ta ló yẹ kó máa mójú tó o kí ẹnikẹ́ni má fara pa. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe sefitì kí n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè yìí gan-an ló jẹ́ kí orí mi pá. Ti Ìyá elégàrí ni mo fi síwájú, òun ló gùn jù, òun ló sì ká mi lára jù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ẹbu gàrí kan l'Ájàṣẹ́-Ìpo níbí, ilẹ̀ àti páànù orí ẹ̀ ni mo ni o, ẹni tó ni ẹ́ńjìnì tó ń rin ẹ̀gẹ́ ọ̀tọ̀ ni, ó kàn ń sanwó ibi fún mi ni, ọmọ tó sì ń wa ẹ́ńjìnì náà, òun ló gbà á síṣẹ́. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, iye tí wọ́n bá bó la fi ń sanwó fún wọn, wọn kì í ṣe tẹnì kankan. Nínú àwọn tó ń yan gàrí, mẹ́ta ń yan fún mi, àwọn yòókù ń yan tara wọn, wọ́n ń sanwó agbada. Ní Sátidé tó kọjá, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì wọ́ híjáàbù ọmọbìnrin kan tó ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀, Ọlọ́run ló yọ ọ́, aṣọ yẹn ló ya, àmọ́ ọrùn ẹ̀ wú, ọwọ́ ẹ̀ sì bó. Ẹlẹ́ńjìnì ní òun ò ní kó sún mọ́bẹ̀, ọmọ tó ń wà á ní òun ò rí i, àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ ní èmi ni mo ni ẹbu. Mo wá ní kí n kó gbogbo wọn jọ kí n ṣòfin, ọkọ mi ní tí mo bá ṣòfin pẹ́nrẹ́n, mo ti gba ẹ̀bi nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Ibo ni n ti bẹ̀rẹ̀? — Ìyá Elégàrí, Ajàṣẹ́-Ìpo

Ìyá wa, ẹ kú ewu o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi kí ọmọbìnrin náà, tí kò bá sì tíì lọ ọsibítù, kó tètè lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọrùn yẹn wò, ọrùn kì í ṣe ibi téèyàn ń fi rọ́ọ̀bù pa kó ní ó ti tán.

Kí n kọ́kọ́ dá bàbá ilé lóhùn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Rárá o sà. Ẹni tó pe ìpàdé kọ́ lẹ̀bi ń wá, ẹni tó ń rí bẹ́líìtì tó ń yí lásán lójoojúmọ́ tó ní ti òun kọ́, òun lẹ̀bi ń wá kiri. Ìlànà kan wà tí àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ṣe ní Geneva ní 1981, nọ́ńbà 155 ni, Nàìjíríà sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní 1994. Abala 17 nínú ẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ, ohun tó sọ ni pé tí ilé iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan náà lásìkò kan náà, dandan ni kí wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ààbò. Kò ní kí onílẹ̀ dá a ṣe, kò ní kí ẹlẹ́ńjìnì dá a ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn tó kọ ọ́ ò ronú kan ẹbu gàrí l'Ájàṣẹ́, síbẹ̀ tí wọ́n bá rí ẹbu yín, wọ́n á ní irú ibi tí àwọn ń sọ nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tójú mi rí. Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wẹ́dà wà lókè tó ń jó irin, pẹ́ńtà wà nísàlẹ̀ tó ń fi tínnà po ọ̀dà. Wẹ́dà yẹn mọṣẹ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bojú. Pẹ́ńtà náà mọṣẹ́, ó bo imú, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ọ̀gá wẹ́dà yẹ tiẹ̀ wò, ó ní ó dáa, ọ̀gá pẹ́ńtà yẹ tiẹ̀ wò, ó ní ó dáa. Àfi gbòlà! Iná tó ń ta pàrà látòkè ló bọ́ sínú garawa tínnà. A rí wọn yọ o, àmọ́ ẹsẹ̀ pẹ́ńtà yẹn ò padà sí bó ṣe wà mọ́. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n kọ ohun tó fà á sílẹ̀, mo jókòó títí, mi ò rí ẹnì kan tó ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ láìdáa. Àárín àwọn méjèèjì ni ewu wà, àárín yẹn ló sì jẹ́ pé kò lọ́gàá.

Torí náà ẹ má tíì ṣòfin kankan. Ẹ pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wá: ẹlẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó ń wà á, ẹnì kan nínú àwọn tó ń bó, ẹnì kan nínú àwọn tó ń yan, kí ẹ má gbàgbé ọmọkùnrin tó ń fi jáàkì fún omi ara ẹ̀gẹ́, wọ́n máa ń gbàgbé irú wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì wà ní pípa. Ẹ wá jọ rìn láti ibi tí ọkọ̀ ti ń já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti ń rọ gàrí sí àpò, níbi kọ̀ọ̀kan kí ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo, pé níbí yìí, iṣẹ́ ta ló kan iṣẹ́ ta? Ẹ má sáré o, ẹ fi àárọ̀ kan gbáko ṣe é, ẹnu á kọ́kọ́ wúwo lára wọn, tó bá yá ẹ máa gbọ́ ohun tẹ́ ò rò.

Àpẹẹrẹ kan. Ẹ wo ọ̀nà tí ọmọbìnrin yẹn gbà. Kí ló gbé e dé ìdí bẹ́líìtì? Lọ́pọ̀ ẹbu tí mo ti dé, èèpo ẹ̀gẹ́ ti ga bí òkìtì, ó ti dí ọ̀nà tó dáa, omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ kí ibi tó kù máa yọ̀, ẹni tó bá ru ẹrù ò wá rí ọ̀nà míì ju ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì lọ. Ẹni tó da èèpo síbẹ̀ ò sún mọ́ ẹ́ńjìnì rí láyé ẹ̀ o, àmọ́ òun ló ti ẹni ẹlẹ́ni sọ́wọ́ bẹ́líìtì. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín náà, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ti ẹ́ńjìnì nìkan, ti ẹni tó máa kó èèpo ni, àti ìgbà tó máa kó o. Tàbí kẹ́ẹ̀gì epo: ọmọ ẹlẹ́ńjìnì á wá ibòji gbé e sí, ibòji náà á wá jẹ́ ẹ̀yìn ògiri àwọn tó ń yan gàrí, iná ń jó lódì kejì. Ẹ bi í, á ní òun ò mọ̀. Kò sì mọ̀ lóòótọ́, iwájú ibẹ̀ ni kì í dé.

Ti bẹ́líìtì fúnra ẹ̀, a kì í dìbò lé ìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ ní ìbòrí. Factories Act ti 1987, òfin Nàìjíríà lórí ilé iṣẹ́, ti sọ ọ́, pé ibi tó bá ń yí lára ẹ̀rọ tó lè gbá èèyàn mú, kí wọ́n fi nǹkan gbà á yíká. Wẹ́dà tó bá mọṣẹ́ á fi irin pẹlẹbẹ àti néètì wáyà ṣe é kílẹ̀ tó ṣú. Ta ni yóò sanwó? Ẹlẹ́ńjìnì ni, òun ló ni ẹ́ńjìnì. Tó bá ń sunkún owó, ẹ bá a san án ná, kó máa fi kún owó ibi díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Tó bá ní òun ò ṣe, ilẹ̀ yín nilẹ̀, ẹ ní kó gbé ẹ́ńjìnì ẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ò ní rí òmíì. Ohun tí wọ́n fi máa ń kọ ìbòrí ni pé bẹ́líìtì á máa yọ̀, wọ́n á sì fẹ́ máa tọwọ́ bọ̀ ọ́ bó ṣe ń yí lọ, àṣà burúkú gbáà ni. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe é kó ṣeé ṣí, àmọ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ti kú fin-ín-fin-ín nìkan.

Ẹ jọ fẹnu kò lórí bí ẹ́ńjìnì yóò ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fi kireènì gbé ẹrù, ẹnì kan ṣoṣo ló ń juwọ́ sí ẹni tó ń wà á pé kó gbé e, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ti juwọ́ pé kó dúró, ó gbọ́dọ̀ dúró, ì báà jẹ́ ẹni tó ń tajà lẹ́bàá ibẹ̀. Ẹ ya ìyẹn lò. Ẹnì kan ló ń ní kó ṣáná, gbogbo ayé ló lè ní kó pa á. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ariwo ẹnu, ẹ́ńjìnì yẹn kì í gbọ́ Yorùbá tó bá ti ń ké, ẹ so fèrè kọ́ ọrùn ẹnì kan nínú àwọn tó ń bó, tàbí kí ẹ so irin kọ́ tí wọ́n á máa lù.

Ọ̀rọ̀ híjáàbù ńkọ́? Ẹ má ní kí wọ́n bọ́ ọ o, ìjà lẹ máa dá sílẹ̀, wọ́n á kàn fi ẹbu sílẹ̀ fún yín ni, wọn ò sì jẹ̀bi. Èyí tó mọ níwọ̀n, tí wọ́n lè ki etí ẹ̀ bọ inú bùbá, ni kí wọ́n máa wọ̀ wá síbi iṣẹ́, èyí tó gùn dé orúnkún kó di ti òde. Gèlè ńkọ́, ìborùn ńkọ́, ọ̀já ọmọ ńkọ́, bákan náà ni gbogbo ẹ̀, kí àwọn tí kì í wọ híjáàbù má rò pé ọ̀rọ̀ ò kàn wọ́n. Kí Alhaja tó dàgbà jù láàárín wọn bá wọn sọ ọ́, kì í ṣe ọmọ ẹlẹ́ńjìnì.

Àwọn tó ń yan gàrí, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ wọn nínú ìjà yín, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń jẹ ìyà tí kì í pariwo. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé kan nínú tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì, ẹ̀gẹ́ kíkorò ló pọ̀ sí jù, tí ẹ bá fún un, ó ń bá omi jáde, tí ẹ bá ń yan án, ó ń bá ooru jáde. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí gàrí ṣeé jẹ, òun náà ló sọ pé kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ wọlé fẹ́ jáde níbẹ̀. Ẹ fi èéfín igi kún un, ojú wọn pọ́n tipẹ́. Ẹbu tí wọ́n bá ṣe dáadáa, ẹnu iná wà lẹ́yìn ògiri lóde, agbada nìkan ló wà nínú, èéfín á gba ihò lọ sókè. Òṣìṣẹ́ yín ni mẹ́ta nínú wọn, apá ibẹ̀ yẹn ẹ̀yin lẹ ni í pátápátá, ẹ má wo ojú ẹlẹ́ńjìnì. Omi ẹ̀gẹ́ náà, ẹ gbẹ́ kòtò fún un, kó má ṣàn lọ síbi tí ewúrẹ́ aládùúgbò ti ń mu. Ẹ̀yìn ìyẹn, tí ààwẹ̀ bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yan lẹ́yìn sààrì nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, kí wọ́n ṣíwọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí, èèyàn tó gbààwẹ̀ tó jókòó ti agbada láago méjì ọ̀sán, orí yóò yí i, iná ló sì máa ṣubú sí.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹni tó bá mọ̀ọ́kọ nínú yín máa kọ gbogbo èyí tó bá ku díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ sínú ẹ̀, ẹni tó yọ̀ ṣubú, aṣọ tó fẹ́ kọ́, jáàkì tó ta. Ní ìparí oṣù kí ẹ jọ jókòó kà á. Mo ti dé ẹbu tí wọ́n kọ "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" gàdàgbà sára ògiri, mo wá béèrè pé nínú gbogbo ọwọ́ yìí, èwo ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ́ńjìnì, ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn, ó sì ti ń lọ ra epo lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Bíríkìlà ni mí, ilé alájà mẹ́ta la ń kọ́ ní Tánkẹ́, hostel àwọn ọmọ Unilorin ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Kọntirátọ̀ pín iṣẹ́ náà, bíríkìlà, kápẹ́ńtà, oníwáyà, pọ̀lọ́mbà, kálukú pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Kápẹ́ńtà ló kan scaffold tí gbogbo wa ń gùn, oníwáyà wá yọ pákó méjì níbẹ̀ láàárọ̀, ó fẹ́ fi ṣe nǹkan, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ iṣẹ́ mi gùn ún, ẹsẹ̀ ẹ̀ gba ihò, ó rọ̀ mọ́ ọ̀pá ni ò fi já bọ́. Kọntirátọ̀ ní kálukú máa ṣọ́ra ẹ̀. A ò ní sefitì ọ́físà o. — Bíríkìlà, Tánkẹ́

Àbúrò, ẹ kú oríire. "Kálukú máa ṣọ́ra ẹ̀" yẹn, mo ti gbọ́ ọ débi pé inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ru tí mo bá gbọ́ ọ. Ẹni tó pín iṣẹ́ fún èèyàn mẹ́rin ló yẹ kó so wọ́n pọ̀, iṣẹ́ kọntirátọ̀ nìyẹn, òun ló mọ ẹni tó ń bọ̀ lọ́la àti ibi tó ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀, tí kò bá ti gbọ́, kí ẹ sọ fún onílé, torí ọ̀dọ̀ onílé lowó ti ń wá.

Àmọ́ ẹ má dúró dè é. Lọ́la, kí oníwàrà tó kọjá, kí àwọn ọ̀gá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kálukú sọ ibi tó máa wà lónìí, ohun tó máa yọ tàbí ṣí, àti ẹni tó máa wà lábẹ́ ẹ̀. Ó tán. Ẹ má jẹ́ kó di ìpàdé olóṣèlú.

Scaffold, ẹni tó kàn án nìkan ló lè tú u. Kódà tó bá jẹ́ ìṣó kan ni. Kápẹ́ńtà á yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, á so aṣọ pupa mọ́ ibi tí kò ṣeé gùn, aṣọ àwọ̀ ewé mọ́ èyí tó ṣeé gùn, ẹni tí kò kàwé náà á mọ̀. Tí òjò bá rọ̀ tàbí tí ìjì bá jà, kó tún un yẹ̀ wò.

Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé oníwáyà lẹ ń bá jà, ẹ jẹ́ kí n bá a gbè díẹ̀. Ẹ̀yin náà lè pa á. Ó pa iná níbi siwíìṣì ńlá, ó gòkè lọ fọwọ́ kan wáyà, ọmọ iṣẹ́ yín fẹ́ lo ẹ̀rọ tó ń gé irin, ó rí i pé iná ò sí, ó tan siwíìṣì. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ ẹ óò rò pé NEPA ló mú un lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe ni pé ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan wáyà á fi àgádágodo tiẹ̀ ti àpótí siwíìṣì, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ á wà lápò ẹ̀. Tí èèyàn mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́ lórí iná yẹn, àgádágodo mẹ́ta ló máa wà níbẹ̀, iná ò sì ní padà wá títí ẹni ìkẹyìn yóò fi ṣí tiẹ̀. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an, kò sẹ́ni tó ń bẹ ẹnì kankan.

Ẹ̀gbọ́n, aṣọ ni mo ń rán ní Táíwò, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ gbé jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ sínú kọ́ríídọ̀ torí olè. Orí ń fọ́ wa lọ́sàn-án, èébì ń gbé ọmọ iṣẹ́ mi, tá a bá délé ó máa ń lọ. Ó ní owó òun lòun fi rà á. — Télọ̀, Táíwò

Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ bá a báyìí, kí ẹ tó ka ìyókù. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kan nínú tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, carbon monoxide ló ń jẹ́, orí fífọ́ àti èébì ni àmì tó máa ń kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà oorun, ẹni tó bá sùn sínú ẹ̀ lè má jí. Pé ó ń lọ tẹ́ ẹ bá délé, ìyẹn gan-an ló ń fi ibi tó ti ń wá hàn. Kò sí kọ́ríídọ̀ tó fẹ̀ tó fún un, àní kí wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ìta ni, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, kí ẹnu èéfín ẹ̀ má kọjú sí ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Ẹ má wulẹ̀ bá a ṣàríyànjiyàn lórí owó tó fi rà á, ẹ̀rù olè ló ń bà á, ẹ̀rù yẹn ni kí ẹ bá a gbé. Gbogbo oníṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ kó owó jọ, kí ẹ fi irin kan àgò ńlá kan sẹ́yìn ilé, kí jẹnẹrétọ̀ gbogbo yín máa wà níbẹ̀, kí ẹ jọ fún ọlọ́dẹ lówó. Ẹ mú agẹ́ńtì ilé mọ́ra, òun ló ń gba rẹ́ǹtì lọ́wọ́ gbogbo yín.

Ẹ̀gbọ́n, ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ni mo ti ń ṣe kásúà l'Ọ́fà, ibi tó ń lẹ ọ̀rá pọ̀ lára ẹ̀rọ yẹn jó mi lọ́wọ́ gan-an. Mánéjà ní kì í ṣe àwọn ló gbà mí, kọntirátọ̀ tó kó wa wá ni. Kọntirátọ̀ ní inú ilé iṣẹ́ wọn ló ti ṣẹlẹ̀. Mi ò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kankan. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án. — Kásúà, Ọ̀fà

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, àmọ́ èyí tí wọ́n ń bá yín jà yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀. Employees' Compensation Act ti 2010, òfin tó ní kí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ gba owó gbà-má-bínú, ò béèrè lẹ́tà. Ẹni tí wọ́n fẹnu lásán gbà síṣẹ́, kásúà, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, gbogbo wọn ló wà nínú ẹ̀. NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan, ló ń bójú tó owó náà, ìdá kan nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ ni agbanisíṣẹ́ ń san sí i, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó yín.

Ọjọ́ 14 lẹ ní láti sọ fún agbanisíṣẹ́ pé ẹ fara pa. Òun ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ọdún kan lẹ ní láti béèrè owó gbà-má-bínú. Ẹ ò mọ ẹni tó jẹ́ agbanisíṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì? Ẹ kọ̀wé sí àwọn méjèèjì, lẹ́tà kan náà, ọjọ́ kan náà, kí wọ́n lọ jà á láàárín ara wọn. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ẹ̀rọ tó jẹ́, ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ọwọ́ yẹn, ẹ mú ìwé ọsibítù dání, ẹ ṣe ẹ̀dà kan pamọ́. Tí wọ́n bá kọ̀ láti gbà á, ẹ gbé e lọ sí NSITF fúnra yín, tàbí Ministry of Labour ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìlọrin, àwọn ló ń rán àwọn tó ń yẹ ilé iṣẹ́ wò.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ kọ̀wé sí mi, ìwé ìròyìn yìí kì í sì í jáde kíákíá, torí náà mo ti fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí fóònù yín lálẹ́ ọjọ́ tí mo rí lẹ́tà yín. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó ní kó pè mí.